Ata Tí Mo Fi Pa Ahọ́n Táńtì Valentine

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó lè mú kí ẹ gba ipò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi yìí padà. Ẹ ní kí èmi Martine máa darí àwọn obìnrin tó ń bẹ aláìsàn wò ní ìjọ wa, nítorí pé mo tọ́jú Táńtì Valentine, àbúrò bàbá mi, títí ó fi kú. Diane, ọmọ rẹ̀, wá láti Parakou fún Mísà ìrántí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo yín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ló gún mi lọ́kàn. Bí mo bá gbà á tí mo sì gbé e relé, irọ́ ni n óò máa jẹ títí ikú yóò fi dé. Ẹ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé ọmọ abúlé Gbaffo ni mí. Ìyá mi kú nígbà tí mo kéré, bàbá mi sì mú mi wá sílé Táńtì ní Dassa níbí kí n lè lọ sílé ìwé. Epo ẹ̀pà ni Táńtì ń fún, ó sì ń dín kúlíkúlí tà. Èmi ni mo ń yan ẹ̀pà, èmi ni mo ń lọ̀ ọ́, èmi náà ni mo ń gbé e kiri. Bí ẹ̀pà bá jóná, ẹgba ni. Bí ọjà kò bá tà, ebi ni n óò gbé sùn. Lọ́jọ́ kan ebi pa mí gan-an, mo mú kúlíkúlí kan jẹ. Táńtì rí i. Kò pariwo, kò bú mi. Ó fa ọwọ́ òsì mi, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú epo tó ń hó. Ẹ wo ọwọ́ náà. Gbogbo yín ni mo ti sọ fún pé eré ọmọdé ló gbé mi sínú iná. Nígbà tí bàbá mi wá wò mí, mo sọ bó ṣe jẹ́ fún un. Ó ní kí n má purọ́ mọ́ ẹni tó ń bọ́ mi. Láti ìgbà náà ni mo ti pa ẹnu mi dé. Mo dàgbà, mo fẹ́ Narcisse, síbẹ̀ bí òórùn epo ẹ̀pà bá fẹ́ sí mi nímú, èébì ni.

Ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá Táńtì dùbúlẹ̀, apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n rẹ̀ sì dì. Ẹbí péjọ, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Diane ò lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Gbogbo wọn gbàdúrà fún mi, wọn ò mọ̀ pé inú mi ń dùn bí inú ológbò tó bá eku níbi tí kò sí ihò. Kékeré ló kọ́kọ́ jẹ́. Mo máa ń gbé omi síbi tí ojú rẹ̀ á rí i, tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó o. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ẹ mọ bí àwọn òkè wa ṣe rí nígbà náà, òkúta á mu oòrùn láti àárọ̀, á máa tú u sí wa lára títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ètè Táńtì bó. Èmi jókòó sórí àpótí, mò ń já ẹ̀fọ́, mò ń wò ó. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, kíá ni mo ti gbé ife sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin ni àlejò náà. Ẹ máa ń sọ fún mi pé Ọlọ́run yóò san án fún mi. Narcisse rí mi lọ́jọ́ kan, ó ní ohun tí mò ń ṣe yìí kò dára. Mo na ọwọ́ tó jóná yìí sí i. Ó gbé ojú kúrò, ó mú ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sóko, kò sì sọ ọ́ mọ́. Ẹ má dá a lẹ́bi, èmi ni mo fi ọgbẹ́ mi pa á lẹ́nu mọ́.

N ò tíì dé ibi tó burú jù. Obìnrin kan ń wá láti ilé ìwòsàn, ó ń wọ́ Táńtì lára, ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún sọ̀rọ̀. Díẹ̀díẹ̀, ahọ́n náà ń tú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mò ń fún un ní ẹ̀kọ, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó yè di ọwọ́ òsì mi mú, ó gbé àtàǹpàkò lé ojú àpá náà. Ó tiraka títí, ó ní, "Martine. Epo. Jọ̀wọ́."

Mo gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi wá àwáwí pé bóyá kò yé mi. Láti kékeré ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn, ó wá dé, mi ò sì fẹ́ ẹ. Bí ó bá tọrọ àforíjì, kí ni n óò fi ìbínú mi ṣe? Mo tún ń bẹ̀rù pé bí ahọ́n yẹn bá tú tán, yóò ròyìn mi fún Diane. Mo dìde, mo lọ sídìí ọlọ, mo fi ìka kó nínú ata tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, mo la ẹnu rẹ̀, mo fi pa ahọ́n rẹ̀. Ahọ́n tó ń bẹ̀ mí. Kò lè ké. Omijé àti itọ́ ń dà sí i lọ́rùn. Mo ní, "Gbé e mì. Èmi náà gbé tèmi mì." Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí obìnrin náà má wá mọ́. Mo pe Diane lórí fóònù, mo ní ìyá rẹ̀ ti ń ṣe ìràn-ǹ-rán. Táńtì ò gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, nígbà tí Táńtì ṣì wà láàyè, a tọ Ọ̀nà Àgbélébùú ní ìdí òkè, ẹ sì ní kí n kàwé. Mo ka ibi tí Jésù ti ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ohùn mi dá. Ẹ rò pé ìfọkànsìn ni. Ẹlòmíràn gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ka ti àwọn tó gbé ọtí kíkan sí i lẹ́nu, mo sì wo ìka tí mo fi kó ata, mo rí i pé èmi náà wà lára wọn. Mo tọ Fadá Ézéchiel lọ, mo jẹ́wọ́. Nígbà tí mo sọ ti ata tán, ó fi pẹ̀lẹ́ bi mí pé kí ló ti ṣẹlẹ̀ sí mi ṣáájú. Mo sọ ti epo. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà mí gbọ́. Ó ní, "Jésù wà pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n tẹ ọwọ́ rẹ̀ bọ epo. Òun náà ló wà lórí ẹní tí Táńtì rẹ dùbúlẹ̀ sí." Mo sunkún bí mi ò ṣe sun ún rí láti kékeré.

Mo délé, mo fi omi tútù fọ ẹnu Táńtì. Mo sọ fún un pé mo dárí epo jì í, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó dárí ata jì mí. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra lórí ẹní, ó kàn mí láyà, ó sì jábọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ fà mí mọ́ra ni tàbí kó tì mí dànù. Láti ọjọ́ yẹn, à ń gbàdúrà pọ̀ láràárọ̀, èmi ń wí, òun ń gbọ́, mo sì ń fún un lómi kó tó wò mí lójú. Ìbínú náà ń tú lára mi bí ẹrẹ̀ ṣe ń ṣí lára ẹsẹ̀. Mo lè dúró nídìí ẹni tó ń fún epo ẹ̀pà báyìí. Ọlọ́run wò mí sàn, mi ò ní sẹ́ Ẹ. Ṣùgbọ́n òjò bẹ̀rẹ̀, Táńtì kú, ọ̀rọ̀ tí mo dí mọ́ ọn lẹ́nu sì bá a lọ.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ lábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn, ẹ wí. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbà yín gbọ́, ẹ wí fún ẹlòmíràn. Ìyà tí èèyàn gbé mì kì í dà nínú, ọwọ́ ẹni ló ń gbà jáde, ẹni tí kò lè sá ló sì máa ń bá.

Fadá ò ní kí n sọ èyí síta. Èmi ni mo fẹ́ kí ìwọ Diane gbọ́ ọ. Ìyá rẹ kò ṣe ìràn-ǹ-rán rí. Orí rẹ̀ pé títí dé òpin, ì bá sì ti bá ọ sọ̀rọ̀ kó tó kú bí kò bá ṣe tèmi. Mi ò lè dá ohùn rẹ̀ padà fún ọ. Jọ̀wọ́, dárí jì mí. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, dìde, máa lọ, kí ẹnikẹ́ni níbí má ṣe bá mi bẹ̀ ọ́.