Òkúta Ààlà Tí Mo Hú

Ẹ má bínú pé n kò tíì kí yín. Bí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù yóò ráyè pa mí lẹ́nu mọ́. Èmi ni mo hú òkúta ààlà ilé-ìwé yìí, píláà tí ẹ ti ń wá láti ọdún tó kọjá. Ẹ má wá a mọ́. Èmi ni.

Ó yá, mo lè kí yín wàyí. Alága wa, Alàgbà Olúsọjí, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin àgbà Agbowó, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ tí a jọ jìyà lábẹ́ páànù tó ń jò, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ jókòó sórí koríko, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, òní ni mo ń fẹ̀yìn tì nípò ọ̀gá ilé-ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí n di tábìlì yìí mú.

Tíṣà kékeré ni mí nígbà tí mo dé ibí ní ọdún 1973. Àwọn awọnlẹ̀ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ri píláà mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ wa ni, ìtọ́jú pápá sì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà ìsinmi, Baba Gbádérọ̀, tí oko rẹ̀ kángun sí tiwa, wá bá mi.

"Tíṣà, títí dìgbà wo lẹ máa gbé ilé onílé? Ẹ hú ẹyọ kan yẹn, kẹ́ ẹ kọ́lé yín síbẹ̀, kémi náà mú ìyókù. Ìjọba ló nilẹ̀. Ta ló ń jẹ́ ìjọba? Ẹ rí i rí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "N ò rí i rí, Baba." Ẹ̀rín yẹn ni mo fi tà yín.

Ta ló ń jẹ́ ìjọba? Ṣé kì í ṣe owó orí àwọn bàbá yín ni wọ́n fi mọ ògiri yìí? Télọ̀ Apete, ìyá ẹlẹ́kọ Baṣọ̀run, ṣé àwọn kọ́ ni? Mo mọ̀ ọ́n, mo ń kọ́ ọmọ yín, mo sì ń sùn lórí ilẹ̀ wọn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Baba Gbádérọ̀ ti kú. Sùlàímọ́nù ọmọ rẹ̀ ti ta pápá yìí fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì. Ọjọ́ Ajé ni katakata ń bọ̀. Ìyáàfin Moróunkẹ́ Akínsànyà, tó ń gba ipò lọ́wọ́ mi, lọ bá a. Sùlàímọ́nù ní, "Àǹtí, ẹ fi píláà hàn mí, màá palẹ̀ mọ́." Láti ìgbà náà ni obìnrin yìí ti ń fi ọkọ́ wá inú igbó kiri. Ẹ gbọ́ èyí: mo bá a wá a! Mo ń ṣán koríko níbi tí mo mọ̀ pé kò sí. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bó, èmi ló káàánú. Ó ní, "Sà, ẹ lọ sinmi, ó ti rẹ̀ yín." Mo sì lọ sinmi.

Lánàá, àwọn ọmọkùnrin Sùlàímọ́nù wá sílé mi. Wọn kò pariwo. Ọ̀kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá, a gbọ́ pẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ́la. Ilé-ìwé ni kẹ́ ẹ dágbére fún o, ẹ má dágbére fún ayé." Mo rí méjì nínú wọn lẹ́bàá géètì báyìí. Ẹ̀rù wọn ń bà mí gidigidi. Ṣùgbọ́n kí obìnrin yìí tún káàánú mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn bà mí lẹ́rù jù.

Alága, ilé ìdáná mi ló wà lórí ojú ihò píláà náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn awọnlẹ̀ wó o. Bí ilé tó kù bá wọ ilẹ̀ àwọn ọmọ, kí wọ́n wó òun náà. Ẹ̀yìn ilé ni mo gbé òkúta ọ̀hún sí, àgbá omi la gbé lé e. Mo fi bárò tì í wá láàárọ̀ yìí. Nọ́ńbà ìjọba ṣì hàn lórí rẹ̀.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ìtìjú ṣe ogún fún ọmọ wa. Kó ṣọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ohun tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Kí ọ̀gá tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi ní ìgboyà tí n kò ní.

Ìyáàfin Akínsànyà, ẹ súnmọ́ mi. Ó wúwo. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ẹ ṣé o.