Ògbufọ̀ Kọ́ Ló Jí Ewúrẹ́

Alága ìjókòó, ẹ̀yin tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ pẹ́, mo kí yín o. Adájọ́ wa, Olúwa mi, mo forí balẹ̀. Òní nìkan lẹ ò lè ní kí n jókòó. Ẹ̀yin àgbà lọ́yà tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu yín, ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ̀yin àlejò tó jẹ́ pé oúnjẹ lẹ bá wá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Iṣẹ́ ògbufọ̀ tí mò ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu ẹ̀ lónìí ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe ní kóòtù yìí, nínú yàrá tí fánù rẹ̀ ń pariwo ju ẹlẹ́rìí lọ. Ẹ mọ òfin wa: bí olùjẹ́jọ́ bá ṣe sọ ọ́ ni kí ògbufọ̀ sọ ọ́ lédè òyìnbó fún adájọ́. Bó bá ní "èmi ni," èmi náà á ní "èmi ni." Mo ti jí ewúrẹ́ níbí. Mo ti dáná sun ilé àna mi. Mo ti fẹ́ ọkọ méjì pọ̀, tòun ti irùngbọ̀n mi yìí! Tó bá dọ̀sán, màá jẹun, màá tayín, mi ò ní rántí mọ́. Ta ló ń jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ bá òun délé?

Sájẹ́ńtì, má wolẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ ni mò ń bọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin yìí wọ kóòtù wa, ó gbọ́ tí mo ń ké pé, "Olúwa mi, èmi ni mo jí ewúrẹ́ náà, mo sì ti jẹ ẹ́." Ló bá dìde, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́ gbàgà! Olè gan-an dúró, ó ń wòran. Adájọ́ rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú wọn fi já bọ́. Èmi náà rín in. Kí ló kàn mí? Mo mọ̀ pé èmi kọ́.

Àmọ́ mo délé. Mo jókòó sí kíṣìnnì, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ lórí mi: "Wọ́n ti fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó ẹ pàápàá, ojú ẹ ń tì í." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbà á gbọ́ pátápátá, láìbéèrè ẹlẹ́rìí kankan! Mo yan ìyàwó mi lódì. Ó kí mi, mi ò dáhùn. Ó bi mí, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Títí ó fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó di ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ilé dákẹ́, orí mi nìkan ló ń pariwo.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo ka gbogbo ohun tí ohùn náà sọ sí i létí. Ó wò mí tòkè-tilẹ̀, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ta ló sọ gbogbo ìyẹn?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Irọ́! Ó kàn gba ẹnu yín kọjá ni, bíi ti olè ewúrẹ́. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ nìyẹn, kí ló dé tẹ́ ò lè ṣe é nílé?"

Ó ní òun á padà, tí mo bá lè máa túmọ̀ ohunkóhun tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí mi fún òun kí n tó gbà á gbọ́.

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí dòní. Ohùn náà ò lọ o! Orí tí ò ní èrò, òkú ló ni ín. Ó ń rojọ́, èmi ń gbọ́. Èmi tí mò ń gbọ́ kì í ṣe òun. Màá ní, "Ó ní adájọ́ ò fẹ́ràn mi mọ́." Ìyàwó mi á ní, "A ti gbọ́. Ó tún kù?" Yóò rojọ́ títí á fi rẹ̀ ẹ́, á jókòó bíi lọ́yà tí ẹnikẹ́ni ò ta kò. Ọkàn mi á wá balẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ṣeun. Akọ̀wé, ìwọ tó o mọ oorun sùn láìpajúdé, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ. Ẹni tí mo ṣẹ̀, kó foríjì mí. Tó bá jẹ́ pé kóòtù ni mo ti bú u, kó lọ bá ẹni tó lọ̀rọ̀. Ọkàn gbogbo yín á balẹ̀, ẹ ò ní ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ò dá.

Ohùn náà tún ti dé láàárọ̀ yìí o. Ìyá àwọn ọmọ mi, níbi tó o jókòó sí yẹn, jẹ́ kí n túmọ̀ ẹ̀. Ó ní láti ọ̀la, mi ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ní bí mo bá ń jókòó sílé lójoojúmọ́, màá sú ẹ, wàá tún palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó mi ń pariwo láti ẹ̀yìn? "A ti gbọ́! Ó tún kù?"

Ó kù, aya mi. Ṣùgbọ́n eléyìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni mò ń túmọ̀. Mo fẹ́ràn ẹ. Akọ̀wé, tó o bá jí, kọ ọ́ sílẹ̀: èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ ṣé o.