Ìbéèrè Tí Mo Fi Ọ̀wọ̀ Bò Mọ́lẹ̀

Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi gbé òtítọ́ yìí mì. Lónìí, mo fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde. Èmi Adéfúnmiláyọ̀ Ọlọ́runyọmí, tí mo máa ń fi ìbínú kọ̀wé sórí ẹ̀rọ ayélujára nípa àwọn tó ń rẹ́ aláìní jẹ, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ irọ́ sínú fáìlì aláìsàn.

Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì, mo ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìsọlọ̀, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọkùnrin tó ní kòkòrò HIV, tí wọ́n sì ń bá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn lò pọ̀. Kòkòrò mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní HPV, tó máa ń wọ ihò ìdí, tó sì lè di jẹjẹrẹ níbẹ̀. Ìbéèrè mẹ́jọ ni mo ní láti bi wọ́n nípa rẹ̀, lára wọn ni: ṣé wọ́n ń lo kọ́ńdọ̀mù, ẹni mélòó ni wọ́n ti bá sùn, ṣé wọ́n ń mu sìgá, ṣé wọ́n ń fo oògùn wọn, ṣé nǹkan kan ti hù sí wọn nídìí rí. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá fi ewu hàn, dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí mo bá kọ "rárá" fún, ilé ló ń lọ.

Bàbá kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè, nítorí n kò ní tún tú àṣírí rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni, ó ń gbé ní Òkota, ó sì dàgbà ju bàbá mi lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ẹni tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ kí, báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde bi í léèrè nípa ihò ìdí rẹ̀? Mo béèrè sìgá, ó ní òun ń mu ún. Níbẹ̀ ni ahọ́n mi kọ̀. Mo lọ bá Àǹtí Tẹjú, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Fúnmi, ìwọ lo máa bi bàbá bàbá ẹ pé ta ló bá sùn? Kọ rárá sí gbogbo ẹ̀, jọ̀ọ́."

Mo kọ ọ́, títí kan sìgá tó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ìtìjú nìkan kọ́. Mo kórìíra ohun tí mo rò pé yóò sọ, mo sì pe ìkórìíra náà ní ọ̀wọ̀.

Mo pa fáìlì dé. Bàbá kò dìde. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí ìbéèrè mìíràn?"

Mo mọ̀ pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ó ti tán, sà."

Nígbà òjò ọdún yìí, ó padà wá. Kò lè jókòó mọ́. Jẹjẹrẹ ti tàn kálẹ̀. Dókítà ní kí ó tó kọ́kọ́ wá ni nǹkan náà ti hù. Mo lọ sílé rẹ̀, mo tún kúnlẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo ṣe. Ó ní:

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi múra kí n tó lè wá sọ nǹkan tó hù sí mi. Bí o ṣe kúnlẹ̀ yẹn, mo rò pé o máa gbọ́ mi."

Kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò sì bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin mọ́kàndínlógún mìíràn ni mo kọ "rárá" fún láìbéèrè. Mo ti jẹ́wọ́ fún dókítà. A pe gbogbo wọn lórí fóònù, mẹ́rìnlá sì ti padà wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi ìkúnlẹ̀ dí ẹnu aláìsàn. Ẹ̀yin márùn-ún tí fóònù yín kò lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí, kí ẹ sì padà wá. N ó bi yín ní ìbéèrè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, n ó sì jókòó gbọ́ ìdáhùn.