Ọmọ Mi Kò Bá Mi Jiyàn Mọ́

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń dùn mí o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi obìnrin kì í sọ pé rárá fún mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò ní, "Bàbá yìí, kí lo tún ń fẹ́? Tèmi ń gbó mi lẹ́nu láàárọ̀ lálẹ́, ìwọ ń sunkún pé tìrẹ gbọ́ràn!" Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Bí mo bá ní, "Múínà, ṣé o ti jẹun?" yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Bí mo bá ní ara rẹ̀ kò yá, bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Bí mo bá ní ọ̀sán gangan ni òru, bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ọmọ ọdún méjìlélógún! Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, àwọn kan ń bọ̀ nílé mi níbí ní Koumassi Remblais wá gba èsì lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ó fẹ́ ọkùnrin náà tàbí kò fẹ́ ẹ. Mo ti bi í léèrè títí ètè mi fi gbẹ. Ohun tó ń sọ kò ju, "Ohun tí ẹ bá ti sọ, Bàbá." Inú ń bí mi débi pé ó ń ṣe mí bí kí n forí sọ ògiri. Ta ló sì fà á? Èmi náà ni.

Aránṣọ ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti dé Abidjan, ibí ni mo sì bí àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí. Múínà ni àkọ́bí. Faransé tèmi kò ju ti ẹni tó ń ránṣọ lọ: ẹsẹ̀ ṣòkòtò gùn tó báyìí, iye rẹ̀ nìyí, wá gbà á lọ́la. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí! Láti kékeré ló ti máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mi, tí á máa bi mí ní ìbéèrè. "Papa, kí ló dé tí ẹ fi gé e báyìí? Tí ẹ bá gé e níbùú, ṣé aṣọ ò ní ṣẹ́kù ni?" Èmi á ní kó panu mọ́. Tó bá di pé ó yí ẹ̀yìn padà, màá gé e níbùú, aṣọ á sì ṣẹ́kù lóòótọ́! Ìyá rẹ̀ á ní, "Lọ́yà ni ọmọ yìí máa dà." Èmi á pòṣé, ṣùgbọ́n inú mi á máa dùn lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tó dé lísè, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ girama tiwọn níbí, ó ní òun ti wọ ẹgbẹ́ kan. Mo rò pé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tàbí ti ijó ni. Ó ní rárá, ẹgbẹ́ àwọn tó ń jiyàn ni. Mo ní, "Ẹgbẹ́ kí ni?" Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ Ọjọ́rú tí kò sí kíláàsì, Madáàmù tó ń kọ́ wọn ní Faransé á fún wọn ní ọ̀rọ̀ kan, apá kan á gbè é, apá kejì á ta kò ó, wọ́n á sì wo ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múná jù. Mo ní, "Ṣé ìyẹn wà nínú bàkì, ìdánwò àṣejáde yín?" Ó ní kò sí níbẹ̀. Mo ní, "Á jẹ́ pé kí o máa wá bá mi ran bọ́tìnì ní Ọjọ́rú nìyẹn." Ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí kí n tó gbà. Ẹ rántí pé ìgbà tí ogun pín orílẹ̀-èdè yìí sí méjì là ń wí. Lójú ọ̀nà, sọ́jà á dá gbàkà, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré, dúró, wọ́n á ní kí àwa àjèjì sọ̀ kalẹ̀ wá fi ìwé hàn. Àlejò lójú, kò fi ríran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí. Èmi fi kún un pé àlejò lẹ́nu, kì í fi sọ̀rọ̀. Kí ni ọmọ Anango, bí wọ́n ṣe ń pè wá níbí, ń fi ìjiyàn ṣe?

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ kan, wọ́n ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà yóò bá àwọn olùkọ́ wọn jiyàn ní gbọ̀ngàn ilé ìwé, lójú gbogbo òbí. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n sọ jù ni yóò lọ ṣojú ilé ìwé níbi ìjiyàn ńlá kan ní Cocody. Múínà ní kí n rán bùláòsì funfun fún òun. Mo rán an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú kọ́là rẹ̀ kí ó tó wù mí. Ó ní, "Papa, ẹ máa wá, hein?" Mo ní màá wá. Ìgbéraga sì mú mi, mo pe Àlàájì, olórí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tó ń ta aṣọ ní Treichville, pé kó wá wo ohun tí ọmọ wa ń ṣe.

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Ọ̀rọ̀ aṣọ ilé ìwé ni wọ́n ń jiyàn lé: ṣé kí gbogbo ọmọ máa wọ irú kan náà, àbí kí oníkálùkù wọ tirẹ̀? Olùkọ́ àgbà kan, tí orí rẹ̀ funfun báláú, sọ tirẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé irú kan náà ló dáa, ó jókòó. Múínà dìde nínú bùláòsì mi. Ohùn tó ti ọ̀fun ọmọ náà jáde, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nílé. Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ó yíjú sí bàbá yẹn, ó na ìka sí i, ó ní, "Músíọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn kì í ṣe òtítọ́." Faransé mi kéré, ṣùgbọ́n ìyẹn yé mi yékéyéké. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì fi ìgbúnwọ́ tọ́ mi, ó ní, "Bàbá Múínà, ṣé ọmọ tìrẹ nìyẹn?"

Yéè! Ẹni tó tó bí mi lọ́mọ! Ó nàka sí i! Lójú ará ìlú mi! Ìtìjú mú mi, ẹ̀rù sì tún gùn ún. N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo gba àárín àga kọjá, mo gun orí pèpéle, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú olùkọ́ náà, mo ń bẹ bàbá náà: "Pardon, le vieux, pardon!" Mo wá pariwo mọ́ ọmọ mi: "Kúnlẹ̀! Kúnlẹ̀ kí o bẹ̀ wọ́n! Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn?" Ó ní, "Papa, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí." Mo ní, "O tún ń bá mi jiyàn?" Ó kúnlẹ̀. Olùkọ́ náà ń gbìyànjú láti gbé mi dìde, ó ń mi orí, ó ń sọ ohun tí kò yé mi. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi ń ti ara wọn ṣubú. Èmi aláìnírònú, mo rò pé ìwàkiwà rẹ̀ ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín! Àyà ni mo gbé síwájú jáde. Àlàájì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "O káre. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà."

Mo délé, mo wàásù. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹnu àìmẹ́nu ló ń kó bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sí òwe tí n kò pa. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Títí di ọjọ́ yẹn, Papa ló ń pè mí. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó kíyè sí i, n kò sì kà á sí.

Kò pẹ́ tí Madáàmù fi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ń rọra sọ Faransé, ìyàwó mi sì ń túmọ̀, nítorí òun gbọ́ ọ jù mí lọ. Ó ní Múínà ti kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó ní bó bá ti ń kọjá nínú ọgbà, àwọn ọmọ á kúnlẹ̀, wọ́n á máa ké "Pardon, le vieux!" Ó ní Múínà ni wọ́n yàn fún Cocody, pé olùkọ́ àgbà yẹn gan-an ló dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní kí wọ́n mú ẹlòmíràn. Ó wá ní, "Bàbá, èmi ni mo kọ́ ọ láti nàka. Èmi ló yẹ kí ẹ ní kó kúnlẹ̀." Ó mú bébà kan jáde, ọ̀rọ̀ tí Múínà kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Ìyàwó mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Músíọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn kì í ṣe òtítọ́. Aṣọ kan náà kò sọ wá di ọ̀kan náà. Aránṣọ ni bàbá mi, wọ́n jókòó lọ́hùn-ún yẹn. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan aṣọ ilé ìwé báyìí, wọ́n á mọ ọmọ ẹni tí kò ní, wọ́n á sì bá a tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi láti máa wo inú ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún wọn."

Ìlà kan péré ló kù kí ó dé orí mi, mo sì dá a dúró!

Ẹ ó sì rò pé mo lọ bẹ ọmọ mi lọ́jọ́ yẹn. N kò bẹ̀ ẹ́ o. Ṣebí àgbà kì í bẹ ọmọdé? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Madáàmù, mo ká bébà náà sínú àpótí òwú mi, mo padà sídìí máṣíìnì. Mo ní yóò gbàgbé. Ó yege bàkì, ó rí iṣẹ́ akọ̀wé ní Vridi. Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá lé e lórí. Mo ní, "Kí lo sọ fún wọn?" Ó ní òun ní kò burú. Mo rí ohun tí mo fà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àlàájì ló wá dé ní oṣù tó kọjá. Ó ń fẹ́ Múínà fún Ráṣíìdì ọmọ rẹ̀, tó ti ní ìyàwó kan àti ọmọ méjì. Wọ́n fẹ́ kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó wá jókòó ti ọjà. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti rí i tó kúnlẹ̀ ní gbọ̀ngàn yẹn ni mo ti mọ̀ pé aya ilé nìyẹn. Kò ní yájú sí wa láéláé." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kí mi kú iṣẹ́ òbí.

Lánàá òde yìí, mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Mo gbé àga méjì kojú ara wọn. Mo ní, "Múínà, ohun tí mo ṣe sí ọ lọ́jọ́ ìjiyàn yẹn kò dáa. Dákun, foríjì mí. Jẹ́ ká ṣe é bí ẹni pé a wà ní gbọ̀ngàn. Èmi ni olùkọ́ àgbà yẹn. Mo ní kí o fẹ́ Ráṣíìdì. Ó yá, nàka sí mi, sọ pé ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe òtítọ́. Tàbí kí o ní òtítọ́ ni! Ṣáà sọ tinú rẹ!" Ó wò mí lójú. Ó la ẹnu. Mo ní ó ń bọ̀, Ọlọ́run, ó ń bọ̀. Ó wá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sáàárín ègé aṣọ tó wà nílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ohun tí ẹ bá ti sọ."

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo òwe tí mo pa lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ni n kò rántí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí mo bá sọ fún Àlàájì pé bẹ́ẹ̀ ni, mo ti tà á. Bí mo bá sì sọ pé rárá, ṣé kì í ṣe èmi náà ni mo tún ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu? Ìyá rẹ̀ ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọlọ́run kọ́ ló ní kó kúnlẹ̀, èmi ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí a fi ń gbé ọmọ dìde lórí irú ìkúnlẹ̀ yìí, kó tètè wí fún mi, ọjọ́ Àìkú kò jìnnà mọ́.