Ife Wáìnì Tí Mo Bù fún Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò lè dárúkọ ara mi. Igando ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún tó kọjá. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, wọ́n ní kí n dìde níwájú ìjọ, kí n jẹ́rìí bí àdúrà mi ṣe gba ọkọ mi lọ́wọ́ ọtí. Èmi gan-an ni mo gbé ọtí náà padà fún un.

Ọkọ mi, Bàbá Ìfẹ́, ń ṣe àga ní Dópẹ̀mú. Ó ti mutí rí, kì í sì í ṣe mímu kékeré. Á gba iṣẹ́ oníṣẹ́, kò ní ṣe é. Nígbà tó yá, ó wọ aṣọ funfun, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọtí ò ní kan ẹnu òun mọ́. Ọdún mẹ́rin ló fi mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ.

Ṣùgbọ́n bó ṣe fi ọtí sílẹ̀ ló fi ẹ̀rín sílẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Tó bá ti jẹun tán, á jókòó, á máa wo ògiri. Tí mo bá dá àpárá, á ní "ó dáa." Nígbà tó ń mutí, ó máa ń sọ ìtàn títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó jáwọ́, síbẹ̀ àárò ẹni tó ń mutí yẹn ń sọ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní wèrè.

Mo máa ń bá màmá àgbàlagbà kan tún ilé ṣe ní Gowon Estate. Opó ni màmá náà. Nígbà tó fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ó fa ìgò wáìnì pupa kan yọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, eruku ti bò ó. Ó ní ọkọ òun ló rà á pamọ́, pé bí irú wáìnì yẹn bá ṣe ń pẹ́ ló ń dára. Nígbà ayé bàbá, àwọn méjèèjì á bu ife kọ̀ọ̀kan sídìí oúnjẹ alẹ́, wọn á sì jọ máa tàkúrọ̀sọ.

"Gbé e lọ, kí ìwọ àti ọkọ ẹ fi jẹun," màmá ní. "Ẹ má gbé e mu bí omi o, díẹ̀díẹ̀ ni."

Ó yẹ kí n sọ pé ọkọ mi kì í mu ún. Mo fi ìborùn wé e, mo gbé e wálé.

Iṣu sísè àti ọbẹ̀ ata tí mo fi pánlá sè la fẹ́ jẹ lọ́jọ́ tí mo ṣí i. Mi ò ní ohun tí wọ́n fi ń ṣí irú ìgò bẹ́ẹ̀. Mo fi ìdí ṣíbí ti ìdérí onígi rẹ̀ wọnú, ó rún, ni mo bá fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú kù sínú asẹ́.

Mo tọ́ ọ wò ní kíṣìnì. Ó kan díẹ̀, ó sì fa ahọ́n mi pọ̀ bí ìgbà téèyàn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ò tíì pọ́n. Mo fẹ́ dà á nù. Mo wá já pánlá díẹ̀ sẹ́nu, mo tún mu ún, ó yí padà. Ó rọ̀, adùn kan ń bọ̀ láti ọ̀fun, àyà mi sì móoru. Mo mọ̀ pé ọtí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà nìyẹn: mo mọ̀.

Bàbá Ìfẹ́ gbé ife sí imú, ó wò mí. "Ṣé kò sí ọtí nínú nǹkan yìí ṣá?"

"Rárá o. Irú èyí tá a máa ń mu lọ́jọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó kàn pẹ́ nílẹ̀ ni."

Ó tún wò mí díẹ̀, ó mu ún.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó sọ ìtàn oníbàárà kan tó sùn lọ lórí àga tó wá gbà, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo rín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn gan-an.

Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ní Dópẹ̀mú, òórùn ọtí ló sì ń gbé wálé. Nígbà tó yá, ó ń sùn síbẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì ríran pé ẹnì kan tó sún mọ́ ọn ló fún un ní nǹkan mu nínú ilé. Kí n tó lanu, gbogbo ojú ti yí sí Àǹtí Ṣadé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Ayọ̀bọ̀, tó tọ́ ọ dàgbà. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló gbé àgbo ẹ̀yìn ríro wá fún àbúrò rẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ ilé wa mọ́, a ò sì gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ rẹ̀.

Àǹtí kúnlẹ̀ fún mi, èmi ìyàwó tó yẹ kí n máa kúnlẹ̀ fún un. "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn. Omi lásán ni mo fi sè é." Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Láti ìgbà yẹn, ó máa ń gbé abọ́ oúnjẹ sí ẹnu géètì wa, á lọ. Èmi ni mo máa ń dà á nù.

Ọkọ mi ti tún jáwọ́ báyìí, oṣù mélòó kan nìyí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò tilẹ̀ tó ọdún méjì. Níjẹta, à ń jẹun, ó dédé ní, "Tó o bá fẹ́ jẹ́rìí, má dárúkọ Àǹtí Ṣadé níbẹ̀."

Mo bi í pé kí ló dé.

"Ẹni tó mutí tó bíi tèmi, àbí á tọ́ ọtí wò kó má mọ̀ ọ́n?"

Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. "Kí ló wá dé tí ẹ mu ún?"

"Ìwọ lo gbé e fún mi. Inú ẹ sì ń dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ayọ̀ lójú ẹ kẹ́yìn."

Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni láé, pé ìjọ á ní kí òun lé mi jáde. Nítorí mi ló ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ṣẹ̀ Àǹtí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé ìtìjú náà á lé e padà sídìí ìgò. Bí mi ò bá sọ ọ́, Àǹtí á máa dúró ní ẹnu géètì títí ayé.

Lówùúrọ̀ yìí, abọ́ tún wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbà láti dà á nù. Èmi àti ọkọ mi jẹ ẹ́. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, kí ni kí n wí lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n bá pè mí? Mo ti fọ abọ́ náà. Mi ò mọ ojú tí màá fi dá a padà.