Èmi Ni Mo Fa Wáyà Yọ, Délé Ni Wọ́n Dá Lẹ́bi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Èmi ni mo fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mo rò pé ó ti kú ni. Ẹlòmíì ni wọ́n dá lẹ́bi, mo sì dákẹ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé wọ́n fẹ́ lé ẹni náà kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀.

Ọmọ Oǹdó ni mí, àgbàlagbà tó ka ìwé díẹ̀. Fúnmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló mú mi wá sí Àkúrẹ́ kí n máa bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó fi òjò, iná àti èéfín sínú fíìmù. Òjò tí kò rọ̀ rí, ẹ ó rí i tó ń rọ̀ sórí òrùlé.

Òun àti Délé ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Délé ló kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, èyí tí wọ́n ń pè ní sìkírípìtì. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á máa fi òjò sínú àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà á dúró gbagidi, kò ní mì, kò ní sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, àwọn méjèèjì sì lọ rí oníbàárà tó ni iṣẹ́ náà ní Ìgbàrà-Òkè. Fúnmi ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kàn máa wò ó o. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

Mo wò ó títí. Kò mì. Inú rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í hó yèè, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbóná bí ìkòkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Ní ilé wa, ẹ̀rọ tó bá ń hó tí kò ṣiṣẹ́, a kì í bi í léèrè, a máa ń yọ ọ́ nínú iná ni. Fíríìjì wa ti jó rí. Mo fa wáyà yọ, mo sá síta, mo dúró sẹ́yìn ògiri, mo di etí méjèèjì, mo ń retí kó bú. Èmi tí mo máa ń sọ pé mi ò bẹ̀rù ṣọ́jà!

Kò bú. Mo padà wọlé, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo jókòó bí ẹni ire.

Nígbà tí wọ́n dé, gbogbo òjò ti dàwátì. Fúnmi kígbe, "Délé, sìkírípìtì rẹ ti kú! Kí ni mo fẹ́ sọ fún oníbàárà?" Ó yíjú sí mi. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé iná lọ ni?"

Mo ní, "Èmi ò mọ̀ o. Ó kàn ṣe wìì, ó kú."

Délé ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ń wá àṣìṣe tí kò sí kiri. Nígbà tí kò rí i, ó fi ìlà aláwọ̀ ewé kan sójú kọ̀ǹpútà. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni ìlà náà ń gùn, á sì máa sọ iye àwòrán tó kù. Ó pè mí, ó ní, "Bàbá, tí ìlà yìí bá ṣì ń rìn, kọ̀ǹpútà ò kú o. Kí ọkàn yín balẹ̀."

Ọkàn wo? Bí ìlà yẹn bá ti ń wọ́ bí ìgbín, òógùn á bò mí. Tó bá dúró díẹ̀, á dà bíi pé ó fẹ́ dárúkọ mi fún Fúnmi ni.

Oníbàárà ti gbé iṣẹ́ lọ síbòmíì. Fúnmi ní òun ò lè gbára lé Délé mọ́, kó kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyàwó Délé sì lóyún. Lánàá gan-an, ó ra bọ̀ọ̀lì fún mi. Mi ò lè gbé e mì.

Ẹ̀rù ń bà mí pé Fúnmi á lé mi padà sí Oǹdó, kí àwọn ẹgbẹ́ mi máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Délé, tí o bá ka èyí, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo fẹ́ bi yín bí màá ṣe là á sọ fún Fúnmi, ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n kí n tó parí ọ̀rọ̀ yìí, mo pe ìyá Fúnmi lórí fóònù. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ ọ́ fún Fúnmi. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, tí Fúnmi bá lé ọ, ilé mi ò jìnnà, wàá jẹ, wàá sùn. Tó bá lé Délé, ilé ta ni kó gbé aboyún lọ? Pa fóònù yẹn, kí o lọ bá ọmọ mi."