Ohun Tí Mo Sọ fún Dókítà Nípa Ìyá Àgbà Láwàlì

Láwàlì, jókòó sórí àga yẹn. Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ lọ́la nítorí tèmi, ó yẹ kí o mọ ẹni tí o fẹ́ fún. Ọdún mẹ́ta ni òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Bí mọ́tò ṣe fọ́ egungun ìbàdí mi ní títì Mowé, mo mọ̀ pé ó ti tó àkókò. Ìkà kì í fi oníkà sílẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ, Bùrẹ́ímọ̀, kò kú ikú Ọlọ́run. Èmi Ọmọ́títí ni mo pa á.

Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ọ́, pé o wà ní Jọ́ọ̀sì nígbà náà. Ó ṣubú lẹ́yìnkùlé, ìbàdí rẹ̀ kán, wọ́n sì gbé e wá sí ọsibítù tí mo ti ń gbálẹ̀. N kò ní dárúkọ ọsibítù náà, àwọn ibẹ̀ kò jẹ̀bi. Nítorí ìwé mẹ́fà tí mo kà, èmi ni mò ń ṣe ògbufọ̀ fún dókítà ará Íńdíà tí kò gbọ́ Yorùbá.

Ìyá àgbà rẹ kò dá mi mọ̀. Èmi dá a mọ̀ dáadáa! Òun ló pariwo ní Ifọ̀ pé Wòsílátù ìyá mi jí ṣéènì wúrà òun. Wọ́n fi eérú kun ìyá mi lójú, wọ́n sì wọ́ ọ yí ọjà ká, mo ń sunkún tẹ̀lé wọn. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó rí ṣéènì rẹ̀ nínú àpò èlùbọ́ ara rẹ̀, ó sì panu mọ́. Orogún rẹ̀ ló wá tú àṣírí náà fún wa, ìtìjú sì ti pa ìyá mi kó tó dé.

Dókítà yẹn kì í ṣàdédé gbé ọ̀bẹ. Á kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí aláìsàn, bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, bó ṣe ń mí. Ibẹ̀ ló ti ń mọ ẹni tí ikú lè mú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìyá àgbà rẹ ní nígbà tí rélùwéè kọ́kọ́ dé Ifọ̀, òun ti ń kiri ẹ̀kọ; ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún nìyẹn. Mo yíjú sí dókítà, mo ní ọmọ ọgọ́ta ọdún ni. Ìyá àgbà ní òun kì í lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, àfi kí òun fara ti ògiri kí òun tó rí èémí mí, pé ẹsẹ̀ òun sì ń wú. Mo ní kò ṣàìsàn rí. Ká ní dókítà gbọ́ òótọ́ ni, ì bá kọ́kọ́ tọ́jú ọkàn rẹ̀. Dókítà ní ara rẹ̀ á gbà á, kí wọ́n gbé e lọ sí tíátà.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, o ṣeun tí o bá mi sọ gbogbo rẹ̀."

Inú mi dùn, Láwàlì. Ó dùn gan-an ni. Lọ́jọ́ kẹta, ó kú.

Láàárọ̀ yìí, dókítà tèmi náà béèrè ìbéèrè kan náà, mo sì sọ òótọ́. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá wà, mo máa la iṣẹ́ abẹ mi já. Bí kò bá sí, kò dá òun lójú. N kò ní ẹbí. Ìwọ tí o gbé mi kúrò lójú títì, ìwọ nìkan lo gbà láti fún mi.

Bí o bá dìde lọ, n kò ní pè ọ́ padà. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Ìyá àgbà rẹ ni n kò tíì lè bẹ̀. Bí mo bá ní mo ti bẹ̀ ẹ́, irọ́ ni, n kò sì ní parọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn mọ́.